LÁTI ÌBÀDÀN DÉ ÌGBÒHO NÍNÚ LAND ROVER ÀTIJỌ́

Ẹ jẹ́ kí á jọ rin ìrìn-àjò díẹ̀ lọ sí Òkè-Ògùn. Kì í ṣe ọkọ̀ bọ̀gìnnì ni a ó wọ̀. Land Rover àtijọ́ ni, irú èyí tí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi mọ̀ dáadáa, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún gbàǹgà, tí ìjókòó rẹ̀ kò sì ṣàánú ẹ̀yìn àgbàlagbà. Bí a ti ń lọ, a ó máa sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí àfi ọjọ́ tí ó bá kú. Ohun náà ni àwọn ríwáyà wa ń pè ní ọ́tánétọ̀. Òun ni ó ń pèsè iná fún ọkọ̀, tí ó sì ń fi agbára padà sínú bátìrì.

Ní ìgboro, bí ọ́tánétọ̀ bá kú, a ó ti ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, a ó sì wọ ọkọ̀ èrò lọ sílé. Ní ọ̀nà oko, lóru, pẹ̀lú aláìsàn lẹ́yìn ọkọ̀, ọ̀ràn náà kì í rí bẹ́ẹ̀ rárá.

ỌKỌ̀ NÁÀ ÀTI IṢẸ́ TÍ Ó Ń ṢE

Ìjọ kékeré kan ní ẹ̀yìn Ìgbòho ni ó ni ọkọ̀ náà. Series III ni, elépo bẹntiróòlù, èyí tí ó gùn nínú wọn. Ọdún 1947 ni Maurice Wilks, ẹni tí ó jẹ́ àgbà ẹlẹ́rọ ní ilé-iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ronú kan irú ọkọ̀ yìí pé kí ó wúlò fún àgbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde fún aráyé rí ní ìlú Amsterdam. Series III tẹ̀lé e ní ọdún 1971, wọ́n sì ń ṣe é títí di ọdún 1985. Nígbà kan rí, ilé-iṣẹ́ Leyland tí ó wà ní Ìbàdàn níhìn-ín pàápàá ń to Land Rover pọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí i ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, ní ilé-iṣẹ́ igbó ọba, àti ní ọ̀dọ̀ àwọn ajíhìnrere ìgbà náà.

Ọkọ̀ tí mo ń sọ yìí ń kó iṣu àti èlùbọ́ àwọn ará ìjọ lọ sí ọjà. Ó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ sí ìpàdé ìta gbangba ní abà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n rà á: òun ni ó ń gbé aboyún àti aláìsàn láti inú abà lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé ọkọ̀ mìíràn kò lè kọjá ibi tí ó ń kọjá nígbà òjò.

Ìyá agbẹ̀bí kan ní ìjọ náà sọ ìtàn òru ọjọ́ kan fún mi. Òjò ń rọ̀, obìnrin kan ti ń rọbí láti àárọ̀, ọmọ kò sì wá. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Ní àárín ọ̀nà, iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí iná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Bí dírẹ́bà bá tan wáípà, iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ kú; bí ó bá pa wáípà, kò rí ọ̀nà. Ìyá náà ní, “Pásítọ̀, ọkọ ìyàwó náà bọ́ sílẹ̀, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó sì ń sáré níwájú ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ kí a lè rí ibi tí à ń fi táyà tẹ̀.” Ọlọ́run ṣàánú, wọ́n dé ilé ìwòsàn, ìyá àti ọmọ sì yè. Ṣùgbọ́n láti òru ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ìjọ ti pinnu pé ọ̀rọ̀ iná ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní ojútùú. Wọ́n gbé e wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì ní kí n bá wọn fojú tó iṣẹ́ náà, kí n sì bá ọkọ̀ padà lọ.

ÌKÒKÒ ÀTI ẸNI TÍ Ń PỌN OMI

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ní lọ́kàn ni pé kí á ra bátìrì ńlá. Bàbá Ríwáyà tí a gbé ọkọ̀ lọ bá, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, bátìrì ni ìkòkò omi. Ọ́tánétọ̀ ni ọmọ tí ń pọn omi sí i. Bí ilé bá ń mu omi ju èyí tí ọmọ náà lè pọn lọ, tí ẹ wá ra ìkòkò tí ó tóbi sí i, ṣé omi á pọ̀ sí i ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Bátìrì kì í dá iná ṣe. Ohun tí a bá kó sí i ni ó ń fún wa. Nínú ọ́tánétọ̀, irin òòfà kan ń yí láàrin wáyà bàbà tí a ká jọ, yíyí náà sì ni ó ń mú iná jáde. Iná yìí ń lọ síwá sẹ́yìn, bátìrì kò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí náà àwọn ẹ̀yà kékeré tí à ń pè ní dáyóòdù ń tọ́ ọ kí ó máa lọ sí apá kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí ni régúlátọ̀ ń ṣọ́ ọ kí ó má ṣe ju nǹkan bí fóòtì 14 lọ. Bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì ń fà ni ó ń yí gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo ohun kan níhìn-ín tí ó kan àwa tí ń rin ọ̀nà oko ju ará ìgboro lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré tó ni ọ́tánétọ̀ ṣe ń pèsè tó. Ọkọ̀ tí ń fi jíà kìíní àti ìkejì wọ́ lọ nínú ẹrẹ̀ ń lo gbogbo iná rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè máà sáré púpọ̀. Ooru pẹ̀lú ń dín agbára rẹ̀ kù. Nítorí náà, iye tí wọ́n kọ sí ara ọ́tánétọ̀ kọ́ ni iye tí ẹ ó rí gbà nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù.

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ

Jésù Olúwa wa sọ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Bàbá Ríwáyà kò ka ẹsẹ Bíbélì náà fún wa, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe gan-an nìyẹn. Ó mú gègé àti páálí sìgbẹ́ẹ̀tì kan tí ó ṣófo, ó sì ní kí dírẹ́bà ka gbogbo ohun tí ń jẹ iná nínú ọkọ̀.

Ìṣírò náà kò le. Ẹ wo iye wáàtì tí wọ́n kọ sí ara gílóòbù, ẹ fi fóòtì 12 pín in, iye áńpíà tí ó ń jẹ nìyẹn. Iná iwájú méjèèjì, wáàtì 60 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ áńpíà 10. Iná ẹ̀gbẹ́, iná ẹ̀yìn àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́ nǹkan bí 3. Kọ́ìlì tí ń dáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, 4. Wáípà, 4. Iná àfikún méjì tí wọ́n so mọ́ bọ́ńpà, oníwáàtì 55 kọ̀ọ̀kan, jẹ́ nǹkan bí 9. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn, 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ áńpíà 40.

Ọ́tánétọ̀ tí ó bá Series III wá láti ilé-iṣẹ́, Lucas 16ACR, áńpíà 34 ni ó lè mú jáde nígbà tí ara rẹ̀ bá le, tí ẹ́ńjìnnì sì ń sáré. Ẹ rí i pé gbèsè ni ọkọ̀ náà ń jẹ ní gbogbo òru, bátìrì ni ó sì ń san án títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣófo. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí, iná díẹ̀ ni àgbẹ̀ nílò. Àwa ni a ń fi ẹrù kún ẹrù lé e lórí. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ni à ń wò kí á tó mọ ọ́tánétọ̀ tí yóò bá a mu.

NÍ AGÓDI GATE

A lọ sí ọjà àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Agódi Gate. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, kí ó mú sùúrù lọ. Ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ bí òkìtì iṣu, òórùn ọ́ìlì gba afẹ́fẹ́, àwọn ọmọ ọjà á sì ti di yín lọ́wọ́ mú kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ wá rà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wá, kò sí ohun tí ẹ kò lè rí níbẹ̀.

Lucas A127 tí ó ń mú áńpíà 65 jáde ni à ń wá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó lò ó, títí kan àwọn Land Rover tí ó dé lẹ́yìn Series III, nítorí náà tòkunbọ̀ rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Bàbá Ríwáyà kò wo ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún kí ó lè máa dán. Ó fi ọwọ́ yí i, ó gbé e sí etí láti gbọ́ bóyá bẹ́rìǹ ń dún. Ó mi ọ̀pá àárín rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ń jì. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀ láti wo bí kábọ́ọ̀nù ti kù sí, àti bóyá ojú bàbà tí ó ń fara kàn ti jẹ. Ìkẹta ni ó mú. Ó dá méjì àkọ́kọ́ padà.

IṢẸ́ TÍ Ó TẸ̀LÉ E

Mo ti rò pé bí a bá ti tú ti àtijọ́ tí a sì de tuntun mọ́ ọn, iṣẹ́ parí. Bàbá Ríwáyà ní, “Pásítọ̀, ẹni tí ẹ fún ní korobá tí ó tóbi, ṣé ẹnu ọ̀nà tóóró náà ni ẹ fẹ́ kí ó máa gbà kọjá?” Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni ó fi ṣe é, ìdí rẹ̀ sì yé mi bí mo ti ń wò.

Ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì tí ó lọ sí ara ọkọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nígbà tí ó de ọ́tánétọ̀ náà, ó fi irin gbọọrọ kan wò ó bóyá púlì rẹ̀ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú púlì ẹ́ńjìnnì, ó sì fi wọ́ṣà pẹlẹbẹ tún un ṣe, nítorí bẹ́líìtì tí kò bá tọ́ á máa jẹ ara rẹ̀. Bẹ́líìtì tuntun ni ó fi sí i. Bí ó ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàrin, ó rọ̀ wọlé tó nǹkan bí mìlímítà 12, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀; bí ó bá le jù, á pa bẹ́rìǹ.

Lẹ́yìn náà ni ó kan wáyà. Wáyà àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, inú rẹ̀ sì ti dúdú. Bí áńpíà 65 bá gba inú irú wáyà bẹ́ẹ̀, ooru ni apá kan á dà, ooru náà sì lè di iná tí ń jó ọkọ̀. Ó fa wáyà nínípọn, mìlímítà 16 níbùú lóròó, láti ọ́tánétọ̀ lọ tààrà sí bátìrì, ó sì fi fíúùsì áńpíà 80 sí i nítòsí bátìrì. Ó ha ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò níbi tí bátìrì ti so mọ́ ara ọkọ̀, ó sì fi okùn bàbà tuntun so ẹ́ńjìnnì mọ́ fírémù ọkọ̀. Iná tí ó jáde gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà. Ó fi rílé sí iná iwájú, kí agbára rẹ̀ má ṣe máa gba inú súwíìṣì àtijọ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìnnì.

Ó tilẹ̀ pààrọ̀ gílóòbù pupa kékeré tí ó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo bi í pé, “Bàbá, kí ni ti gílóòbù yìí?” Ó ní iná kékeré tí ó gba inú rẹ̀ kọjá ni ó ń jí ọ́tánétọ̀ nígbà tí a bá ṣáná sí ọkọ̀. Bí ó bá ti jó, ọ́tánétọ̀ tí ara rẹ̀ le lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ènìyàn á sì máa fi owó ra èyí tí kò yẹ kí ó rà.

Nígbà tí ó parí, ó fi mítà wò ó. Kí a tó ṣáná, bátìrì wà ní fóòtì 12.6. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dún, ó gòkè dé 14.2. A wá tan gbogbo iná, wáípà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn pọ̀, láìtẹ sùrútù. Mítà sọ̀ kalẹ̀ sí 13.4, ó sì dúró síbẹ̀. Bàbá Ríwáyà kò sọ̀rọ̀, ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n fi kún un pé agbára kì í ṣe ọ̀fẹ́. Áńpíà 65 ní fóòtì 14 jẹ́ wáàtì 910, apá kan agbára tí ẹ́ńjìnnì ń fi yí i sì ń di ooru. Nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tagbára tagbára, á gba nǹkan bí agbára ẹṣin méjì lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì tí àpapọ̀ tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 70 lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ẹrù tí yóò gbé, kí ni ó fẹ́ fi ọ́tánétọ̀ ńlá ṣe?

Ọ̀NÀ ÒKÈ-ÒGÙN

A gba Mọ́níyà jáde ní ìdájí. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí ojú ti rí màbo níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó tún un ṣe, dùn ún rìn báyìí. Ó gba Ìjàyè kọjá, ìlú Kúrunmí, tí ogun tú ní ọdún 1862. Ní Ìsẹ́yìn, ẹ ó gbọ́ ìró àwọn ahunṣọ òfì kí ẹ tó rí wọn. Ẹni tí ó bá ní àkókò àti orúnkún tí ó le lè yà sí Adó-Àwáyè, kí ó gun òkè lọ wo adágún Ìyàkẹ̀ tí ó wà lórí àpáta.

Nítòsí Ìsẹ́yìn náà ni ìsédò Ìkẹ́rẹ́ wà lórí odò Ògùn, odò tí gbogbo agbègbè yìí ti gba orúkọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 pé yóò bomi rin oko, yóò sì mú iná mànàmáná mẹ́gáwáàtì 6 jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, omi wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, iná kò dé abúlé kankan láti ibẹ̀. Bí mo ti ń ronú nípa wáyà tí Bàbá Ríwáyà fi gbogbo ọ̀sán fà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni: kí agbára wà jẹ́ ohun kan, kí ó dé ibi tí a ti nílò rẹ̀ jẹ́ ohun mìíràn.

A kọjá Ọ̀tu, a kọjá Àgọ́-Àrẹ. Igi ẹ̀mí bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àwọn àpáta ńlá dìde láàrin oko iṣu bí erin tí ó dùbúlẹ̀. A jẹ ọkà ní Ṣakí, a sì yà sí ọ̀nà Ṣẹpẹtẹri, níbi tí igbó ọba ti wà lápá ọ̀tún. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ igbó náà di ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a sún mọ́ Ìgbòho, ìlú tí ó ti jẹ́ ibùjókòó Ọ̀yọ́ nígbà kan rí, níbi tí wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí.

Láti Ìgbòho lọ sí abà ni òkùnkùn gan-an wà. Kò sí òpó iná, kò sí ilé. Dírẹ́bà tan gbogbo iná rẹ̀. Mo rí kòtò kọ̀ọ̀kan kí a tó dé ibẹ̀, mo rí ojú ewúrẹ́ tí ń dán nínú koríko ní iwájú tí ó jìnnà. A gba inú odò kékeré kan kọjá ní jíà kìíní, iná kò sì pọ́n. Ìyá agbẹ̀bí dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó ní, “Mo ti rí yín láti òkè lọ́hùn-ún. Mo rò pé ọkọ̀ ìjọba ni.”

FÚN Ẹ̀YIN TÍ Ẹ NÍ IRÚ ỌKỌ̀ BẸ́Ẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ṣì ní irú ọkọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

1. Land Rover tí wọ́n ṣe kí ọdún 1967 tó dé máa ń so orí rere bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, dáínámò ni ó sì ń lò. Ẹ yí i padà kí ẹ tó de ọ́tánétọ̀ mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dáyóòdù á jó lójú ẹsẹ̀.

2. Bí mítà áńpíà bá wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ àtijọ́, má ṣe jẹ́ kí áńpíà 65 gba inú rẹ̀ kọjá. Mítà fóòtì ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

3. Ẹ má ṣe tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún, ìbáà jẹ́ pé mẹkáníìkì ní òun fẹ́ fi dán ọ́tánétọ̀ wò. Bí wẹ́dà bá fẹ́ jó irin lára ọkọ̀, ẹ tú wáyà ọ́tánétọ̀ àti bátìrì ná.

4. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba inú omi tàbí eruku púpọ̀ kọjá, ẹ jẹ́ kí ríwáyà yẹ kábọ́ọ̀nù àti bẹ́líìtì wò. Ẹ máa tọ́jú bẹ́líìtì kan àti fíúùsì méjì sínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

5. Ní ayé ìsinsìnyí, ẹ má ṣe rin ìrìn òru láìnídìí. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró de ilẹ̀ mímọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀.

Kí n tó kúrò ní abà náà ní ọjọ́ kejì, àwọn àgbà ìjọ bi mí bóyá wọ́n lè so fìríìjì kékeré mọ́ ọkọ̀ náà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú gègé àti páálí.

Kí Olúwa máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà gbogbo yín. Àmín.